Ogun Ẹni Méjì

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Hítílà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá wọṣẹ́ ológun. Láti ọdún 1943 ni a ti ń kó wọn gba ojú òkun lọ sí Íńdíà, kí wọ́n tó wọ igbó Bọ́mà lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà. A ń yìn wọ́n, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìyìn náà kò tíì pé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi aya sílẹ̀ nílé. Ta ni ó ń yin aya ọmọ ogun?

Ẹlòmíràn lè wí pé obìnrin tí ó wà nílé kò gbọ́ ìró ìbọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ mọ̀ pé òun wà láàyè. Aya kò mọ̀. Ní ọdún 1944, ìbọn ba Isaac Fadoyebo, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, ní ẹsẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn ará abúlé kan fi bò ó mọ́lẹ̀ láàrin àwọn ọ̀tá, kò sì sí lẹ́tà tí ó lè kọ sílé. Ẹ fojú inú wo aya tí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé bá!

Bí lẹ́tà tilẹ̀ ń dé, àwọn ọ̀gá ológun a ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Aya tí kò mọ̀wé a sì bẹ akọ̀wé kí ó bá òun fèsì. Báwo ni yóò ṣe sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an? Ọkọ lè yan apá kan owó rẹ̀ fún ará ilé, ṣùgbọ́n owó kì í roko, bẹ́ẹ̀ ni kì í pọn ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá rí àwòrán bàbá ńlá yín nínú aṣọ ológun lára ògiri, ẹ béèrè pé ta ni ó di ilé mú títí ó fi dé. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, nítorí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kù díẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kò yẹ kí a yin ọwọ́ kan, kí a gbàgbé èkejì.