Ta ló ni Shooting Stars?

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù táwọn èèyàn wa ti ń gẹrun ní Dublin yìí lọ́jọ́ Sátidé, ariwo Arsenal, Chelsea àti Manchester United lẹ máa bá níbẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọ mi ọkùnrin bi mí pé, "Dádì, kíláàbù wo ni tiyín nílé?" Mo ní Shooting Stars ti Ìbàdàn ni. Ó tún ní, "Ta ló ni ín?" Ìbéèrè kejì yìí ni mi ò tètè rí dáhùn, òun ni mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Western Region àtijọ́, ìyẹn WNDC, ló ni kíláàbù náà níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ WNDC yìí ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba Challenge Cup ní 1971. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sábẹ́ IICC, tó jẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn, ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ń pariwo "Up IICC" dòní. Ní 1976, ìjọba ológun pín Western State sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Lọ́dún yẹn kan náà ni IICC gba líìgì Nàìjíríà, tí wọ́n sì na Tonnerre ti Yaoundé, kíláàbù tí Roger Milla wà nígbà náà, ní góòlù 4 sí 2 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, tí wọ́n fi gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí kíláàbù Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn.

Àwọn wo ló gbá a? Muda Lawal, tó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Best Ogedegbe tó ń ṣọ́ ilé. Segun Odegbami, tó kàwé ẹnjiníà ní Poli Ìbàdàn. Èmi tí mo jẹ́ ẹnjiníà, orí mi máa ń wú tí mo bá rántí ìyẹn. Rashidi Yekini náà gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn wọn. Ní 1984, wọ́n dé ìparí ìdíje àwọn ọ̀gá kíláàbù Áfíríkà, Zamalek ti Íjíbítì ló nà wọ́n. Ní 1992, wọ́n gba CAF Cup, ọdún tí ìdíje náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ti 1996 kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Mo ti ń lọ sí ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn, ìdí rédíò la jókòó sí. A na Zamalek 2 sí 1 nílé, wọ́n na àwa náà 2 sí 1 lọ́hùn-ún, ó wá di pẹnáritì. Wọ́n fi 5 sí 4 gba ife lọ́wọ́ wa. Bàbá mi kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Líìgì Nàìjíríà tí wọ́n gba ní 1998 ló pé márùn-ún, wọn ò tíì gba òmíràn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní 2017, wọ́n já bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà. Ó di 2021 kí wọ́n tó padà.

Kí ló fà á? Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni kíláàbù náà. Bí gómìnà bá yí padà, alága kíláàbù náà á yí padà. Bí àpò ìjọba bá gbẹ, ti kíláàbù náà gbẹ nìyẹn. Àwọn kan á ní kí olówó rà á. Ó dáa, ṣùgbọ́n níbo ni Leventis United wà, tó gba líìgì ní 1986 n'Ìbàdàn kan náà? Ilé iṣẹ́ tó ni ín tú u ká ní 1987. Níbo ni Abiola Babes ti Abẹ́òkúta wà, tó gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987? Kò sí mọ́. Mi ò ní olówó kò lè ṣe é o. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí Kunle Soname dá sílẹ̀, ló gba líìgì ní 2025. Ṣùgbọ́n ilé tó bá dúró lórí òpó kan ṣoṣo, ọjọ́ tí òpó náà bá yẹ̀ ni òrùlé ń wó.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ní 1987, àwọn tó ni Shamrock Rovers ta pápá wọn ní Milltown. Ọdún méjìlélógún ni kíláàbù náà fi ń ti pápá onípápá kan bọ́ sí òmíràn. Ní 2005, gbèsè fẹ́ pa wọ́n. Ta ló gbà wọ́n? Àwọn olólùfẹ́ wọn ni: àwọn èèyàn lásán tó ń dáwó jọ ló gba kíláàbù náà. Ní 2009, wọ́n kó lọ sí Tallaght, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni pápá ibẹ̀. Ní 2011, wọ́n di kíláàbù Ireland àkọ́kọ́ tó wọ ìpele gúrúpù Europa League. Àwọn olówó ti wọlé báyìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì kíláàbù náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bohemians tó wà ní Phibsborough láyé gbèsè tiẹ̀ náà, títí wọ́n fi ta Dalymount fún ìjọba ìlú ní 2015. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ṣì ni kíláàbù náà, bó ṣe wà láti 1890.

Àǹfààní rẹ̀ kàn wá pẹ̀lú. Gavin Bazunu, ọmọ Dublin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ilé fún Rovers ní 2018. Ní 2019, Manchester City rà á. Ká ní àwọn olólùfẹ́ yẹn jẹ́ kí Rovers kú ní 2005, kò ní sí Rovers tó máa gbé e jáde.

Ohun tí mo ń wí ni pé kí ìjọba Ọ̀yọ́ má ta Shooting Stars fún ẹnì kan, kí wọ́n má sì dá a gbé mọ́. Kí wọ́n fi ìpín kan sílẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, bó ti wù kó lówó tó. Kí wọ́n máa gbé ìṣirò owó jáde lọ́dọọdún, nítorí kò sẹ́ni tó máa dáwó sínú àpò tí kò rí ìdí rẹ̀. Àwa tá a mọ bí wọ́n ṣe ń dá èésú, tá à ń san owó tẹlifíṣọ̀n lóṣooṣù nítorí Chelsea, ṣé yúrò mẹ́wàá máa wọ̀ wá lọ́rùn? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Mo ti wá dá ọmọ mi lóhùn. Mo ní, "Ìjọba ló ni ín." Ó wò mí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe tiyín ni?" Ẹ bá mi fún un lésì o.