Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Wà ní Agége Náà

Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ìparí oṣù keje, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi ara wọn ní Ìkẹjà GRA: "Níbo lẹ ń kó àwọn ọmọ lọ lọ́dún yìí?" Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu á ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dùbáì. Ẹni tí iye owó dọ́là ti lé padà sílé á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní lẹ́sìn làwọn ọmọ ń lọ. Ìtìjú wà nínú ẹ̀rín yẹn, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwa ti wá gbà pé ìrìn jìnnà tí wọ́n ń wí, àfi kéèyàn wọ bàálù.

Ẹ jẹ́ ká tún òwe náà wò. Ẹsẹ̀ ni àwọn tó pa á fi ń rìn. Ẹ sì wo ẹranko tí wọ́n mú: wọn ò mú kìnnìún, wọn ò mú ẹranko ilẹ̀ òkèèrè kankan. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ẹranko tó ń sáré lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, tí ọmọdé mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹni tó rò pé òun ti rí ọ̀kẹ́rẹ́ tán ni òwe yìí ń bá wí. Ó ní èyí tí o mọ̀ yẹn, irú rẹ̀ mìíràn wà níwájú tí ojú rẹ kò tíì tó. Ẹsẹ̀ ta ni ká wá fi wọn ọ̀nà náà? Ọmọ ọdún mẹ́rin tó fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu géètì ilé wọn dé ìkóríta kejì ti rìn jìnnà.

Láti géètì dé géètì ni ọ̀pọ̀ ọmọ GRA ń gbé ayé wọn. Máígáàdì á ṣí géètì, mọ́tò á jáde, wíńdò á wà ní títì nítorí ẹ́síì, géètì ilé ìwé á ṣí, ó parí. Wọ́n mọ Ikeja City Mall ní Aláùsá dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò mọ orúkọ òpópónà tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ìtàn kún inú àwọn orúkọ yẹn. Ẹ mú ọmọ lọ́wọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ gba òpópónà Ṣóbò Aróbíodu, ẹ ní kó ka lẹ́tà ara pátákó náà síta. Kí ẹ wá sọ fún un pé akéwì Ẹ̀gbá ni bàbá yìí, pé Josiah Ṣóbọ̀wálé Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀ gan-an, pé nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba lórí wa ló ti ń kọ ewì Yorùbá sínú ìwé. Òpópónà Adékúnlé Fájuyì náà wà ní GRA. Ọ̀gágun ni, òun ni gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba, ní ọjọ́ 29 oṣù keje, 1966. Ọmọdé ò ní lóye ìdìtẹ̀ gba ìjọba, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní àlejò. Ẹ kàn sọ fún un pé ìtàn tí a gbọ́ ni pé Fájuyì kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n mú àlejò òun lọ kí òun jókòó sílé. Ọmọbìnrin kan tí mo sọ ọ́ fún gbójú sókè, ó ní, "Ṣé àlejò yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ Fájuyì?" Lẹ́sìn wo ló fẹ́ kọ́ ọmọ ní irú ìbéèrè yẹn?

Ṣùgbọ́n Agége ni mo fẹ́ kí ẹ kó wọn lọ jù, ọkọ̀ ojú irin sì ni kí ẹ wọ̀. Red Line tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní oṣù kẹwàá 2024 ń rìn láàárín Agége àti Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Ìkẹjà. Ọkọ̀ náà gan-an ti rìn jìnnà: ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni iléeṣẹ́ Talgo kọ́kọ́ ṣe é fún, kí Èkó tó rà á ní 2022. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín fi káàdì Cowry kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi fèrèsé. Ẹ̀yìn ilé ni yóò máa rí, aṣọ tí wọ́n sá, òrùlé páànù tó ti dípẹtà, àwọn ohun tí kì í hàn sí ẹni tó wà lójú títì.

Rélùwéè àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Agége kọjá. Oko kòkó àti oko obì ló yí ìlú náà ká láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń gbé obì Agége lọ fún àwọn Hausa ní Òkè Ọya. Búrẹ́dì Agége náà ò ṣàì ní ọwọ́ rélùwéè nínú. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣe akọ̀wé rélùwéè ní 1913, ló padà di ọba oníbúrẹ́dì l'Èkó. Ọ̀nà tó là sílẹ̀ ni àwọn mìíràn tọ̀, títí orúkọ Agége fi lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì. Ẹ ra ọ̀kan tó ṣì gbóná. Bí ọmọ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á rì, á tún wú padà. Ẹ jẹ́ kó dúró wo ìyá oníbúrẹ́dì bó ṣe ń fi ọ̀bẹ la odidi sí méjì, tó ń fi bọ́tà ra inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì wojú ọ̀bẹ. Inú ọ̀rá ni ọmọ yìí ti ń rí búrẹ́dì nílé, èyí tí ẹ̀rọ ti gé wẹ́wẹ́. Ohun tó mọ̀ ló tún ń wò yìí, àmọ́ kò rí i báyìí rí. Mo ní abuké ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ibi tí koríko wà, JJT Park ń bẹ ní Aláùsá. Kalakuta Museum, ilé Fẹlá tó wà ní Ìkẹjà níbí, dára fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá sì gbé e dé Oníkan, kó fi John Randle Centre han àwọn ọmọ. Dókítà ni Randle tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ Èkó nígbà tí ìjọba òyìnbó kọ̀ láti kọ́ ọ.

Ẹ̀rù tó ń ba òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Gbọ́mọgbọ́mọ wà, ọlọ́kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ títì, gọ́tà mìíràn ò sì ní ìdérí. Nítorí náà, kí àgbàlagbà kan má kó ju ọmọ méjì lọ, kí nọ́ńbà fóònù yín wà nínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí omi wà lọ́wọ́, kí ẹ sì ti padà délé kó tó di ọ̀sán. Inú oṣù kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ló rọrùn jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìrìn náà di lẹ́sìn. Bí ọmọ bá dúró wo èèrà tó tò lọ létí gọ́tà, ẹ bá a dúró, kí fóònù wà nínú báàgì.

Ọmọ kan tún wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìn ilé yín ló ń gbé, ìyá rẹ̀ ló ń bá yín dáná, ẹgbẹ́ sì ni òun àti ọmọ yín. Òun náà ò lọ síbì kankan ní họlidé yìí. Ẹ kó wọn lọ pọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti sọ fún ìyá rẹ̀, kó lè ráyè fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún un.