Ẹni Tí Kò Ṣọ́lé, Báwo Ni Yóò Ṣe Mọ̀ Pé Olè Wọlé?

Òfin Ààbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 pàṣẹ pé bí olè bá rí dátà aráàlú jí lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ìjọba létí láàárín wákàtí 72. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí ọ̀hún? Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà bá mọ̀ ni. Ẹni tí kò wò kò ní mọ̀, òfin kò sì ní rí i mú. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí ìṣọ́ fúnra rẹ̀ di ọ̀ranyàn.

Sọ́fítíwià aṣọ́nà là ń wí. Ó ń yẹ gbogbo ohun tó ń wọlé tó ń jáde nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. Ó mọ àmì àwọn ọgbọ́n tí olè ti lò rí, ó sì mọ ìṣe ojoojúmọ́ ọ́fíìsì náà. Bí kọ̀ǹpútà akáùntáǹtì tí kì í ṣiṣẹ́ kọjá ìrọ̀lẹ́ bá ń kó fáìlì ránṣẹ́ sókè òkun láago méjì òru, á figbe ta. Kì í tilẹ̀kùn o. Iṣẹ́ fáyáwọ́ọ̀lù nìyẹn.

Equifax, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ará Amẹ́ríkà, ní irú irinṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, lọ́dún 2017, olè lo ọjọ́ 76 níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Sátífíkéètì tí irinṣẹ́ náà fi ń rí inú ìsọfúnni tí a fi kóòdù bò ni ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti oṣù 19 sẹ́yìn. Lọ́jọ́ 29 oṣù Keje tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kíá ni wọ́n rí ohun tó ń lọ. Dátà bíi mílíọ̀nù 147 èèyàn ti bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ti Target, ilé-ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2013, tún burú jù: irinṣẹ́ kígbe, wọn ò kọbi ara sí i, nọ́ńbà káàdì ìsanwó mílíọ̀nù 40 sì lọ. Lóòótọ́, irinṣẹ́ wọ̀nyí máa ń kígbe lásán, etí òṣìṣẹ́ á sì di. N kò dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi. Ọ̀gá tó bá fi ẹnì kan ṣoṣo síbẹ̀ ni mo ń dá lẹ́bi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò sówó. Ọ̀fẹ́ ni Snort, sọ́fítíwià aṣọ́nà tí Martin Roesch kọ lọ́dún 1998, ọ̀fẹ́ sì ni Suricata tó jẹ́ irú rẹ̀. Owó oṣù ẹni tí yóò máa wò ó ni ìnáwó gidi, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń háwọ́. Nítorí náà, kí òfin kọ́kọ́ mú báńkì, ilé ìwòsàn ńlá àti ọ́fíìsì ìjọba tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa lọ́wọ́. Bí àwọn olùbẹ̀wò bá dé, kí wọ́n má wulẹ̀ béèrè rìsíìtì irinṣẹ́. Kí wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ṣọ́ ọ lóru àná, àti ohun tó ṣe sí ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan.