Pọ́ńpù Tó Ń Pariwo



Wọ́n fún ọ̀kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nídìí ẹ̀rọ yàrá òtútù ní kúẹ̀rì, pé òun ló ba pọ́ńpù jẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò máa yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. A kò gbà.

Ẹ̀rọ yìí kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Omi ló ń fa ámóníà mu, pọ́ńpù á wá gbé omi náà lọ síbi tí ooru bọ́ílà yóò ti lé ámóníà jáde padà. Láti 1859 ni Carré, ará Faransé, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀, nítorí náà àrùn rẹ̀ kì í ṣe tuntun.

Omi oní-ámóníà tó ń wọ pọ́ńpù kò jìnnà sí híhó rárá. Bí asẹ́ ẹnu pọ́ńpù bá dí, tàbí tí omi inú táńkì òkè rẹ̀ lọ sílẹ̀, tàbí tó gbóná jù, kíá ló máa hó lẹ́nu pọ́ńpù níbẹ̀. Ìfófòó tó yọ á wọ inú pọ́ńpù níbi tí agbára ti pọ̀, á sì fọ́ lójijì. Ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú páànù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jẹ abẹ̀bẹ̀ irin inú rẹ̀ ní ihò-ihò, bí igi tí kòkòrò wọ̀. Gbígbọ̀n rẹ̀ á ba síìlì jẹ́, ámóníà á sì tú síta. Ẹni tó bá ti fà á símú rí kò nílò àlàyé wa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ará wa yìí kọ ariwo náà sínú ìwé àkọsílẹ̀. Èsì tó gbà ni pé kó má dá a dúró, ọjà wà nínú yàrá. Nígbà tí àwọn fítà tú asẹ́ náà, ìpẹtà ló kún inú rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń ṣọ́ gééjì lóru ló yẹ kó fọ̀ ọ́ ni?

Òfin Iṣẹ́ ti 1974, ní abala 5, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò lè yọ owó nítorí ohun tó bàjẹ́ àfi tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tó jáfara, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. A béèrè ìwé yẹn. Wọn kò rí i mú wá.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe rò pé kò kàn yín. Ẹ rántí àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n san owó ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì, tí rádíétọ̀ sì ti ń jò tipẹ́.

A fẹ́ kí wọ́n fa kúẹ̀rì náà ya, kí ẹni tó bá gbọ́ ariwo ní àṣẹ láti dá pọ́ńpù dúró, kí ìbòjú ámóníà sì wà lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ọ̀gá tì pa. Ọjọ́rú ni a ó bá wọn jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lálẹ́ tí asẹ́ náà di títú, ẹ wá bá wa kí ọjọ́ náà tó pé.