Orúkọ Ọmọ Yín Nínú Kọ̀ǹténà

Ẹ̀yin òbí náà á ti rí irú rẹ̀: ilé ìwé fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ ṣí i, Ṣẹ́gun ti di àpótí òfìfo tí "gun" tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ń dá fóònù lẹ́bi. Fóònù kọ́ o, ibi tí wọ́n ti ṣe ìwé náà ni ká wò.

Ọ̀pọ̀ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bí Amazon tàbí Google ni wọ́n ń gbé e sí, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹténà. Ara kọ̀ǹténà tí à ń rí ní Àpápá àti Tema ni wọ́n ti yá orúkọ náà. Docker, tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò láti 2013, òṣìṣẹ́ èbúté tó ń já ẹrù ni ìtumọ̀ orúkọ tirẹ̀.

Ẹ wò ó bí ẹrù ọmọ tó ń lọ bọ́ọ̀dìn. Gbogbo ohun tí ètò náà máa lò ni wọ́n á dì pọ̀ mọ́ ọn, kó lè ṣiṣẹ́ bákan náà níbikíbi tó bá dé. Ó dáa púpọ̀. Àmọ́ gaàrí tí ìyá bá gbàgbé, kò sí nínú báàgì nìyẹn. Àwọn tó ń kọ́ ètò sì fẹ́ràn kọ̀ǹténà fífúyẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Alpine kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 5 lọ, kò sì sí fọ́ǹtì kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á wá ju fọ́ǹtì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí i. "John" á jáde dáadáa, wọ́n á lọ sùn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń jìyà ẹ̀. Ɓ àti ɗ àwọn Hausa, ɖ àti ɛ àwọn Ewe, àpótí kan náà ni. Tiwa tilẹ̀ tún le díẹ̀: kò sí ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan nínú Unicode, ẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ, kí àmì ohùn tó wá gùn ún lórí. Fọ́ǹtì ní láti mọ̀ ọ́n gbé síbẹ̀.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe àpótí yẹn ní tofu, ìyẹn awara tí à ń dín jẹ. Ohun tó mú kí Google sọ fọ́ǹtì rẹ̀ ní Noto nìyẹn: kí tofu má ṣe sí mọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ìlà kan tàbí méjì nínú Dockerfile, ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń di ẹrù kọ̀ǹténà, ti tó láti fi í sí i.

Nítorí náà, bí ilé ìwé bá ní kí ẹ kúkú máa kọ orúkọ ọmọ láìsí àmì, ẹ má gbà. Orúkọ tí kò bára mu lórí ìwé méjì ló ń gbé èèyàn lọ búra ní kóòtù. Ẹ ní kí wọ́n pe ẹni tó ṣe ètò náà, kó fi Noto sí i, kí wọ́n sì tún èsì náà tẹ̀ jáde. Àpótí kò sọ pé orúkọ sọnù, ó ṣì wà níbi tí wọ́n pa á mọ́ sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àmì ìbéèrè lẹ rí, ó ṣeé ṣe kí orúkọ náà ti bàjẹ́ níbi ìpamọ́, wọ́n á ní láti tún un kọ.