"Native": Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Bú Baba Wa, Tí Àwa Náà Ń Fi Bú Alábàágbé Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ ọlọ́lá tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Àgbádárìgì àti ní agbègbè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Láìpẹ́ yìí, mo sin ọmọbìnrin kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Apẹja ni baba rẹ̀, Ìlàjẹ sì ni. Etí òkun wa níhìn-ín ni a gbé bí ọmọ náà, ibẹ̀ ni ó ti kàwé jáde, ibẹ̀ ni a rì ibi ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni ó wá gbà kí ó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Akọ̀wé tí ó jókòó sídìí tábìlì kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Native ibo ni ẹ́?" Ọmọ náà ní ti ìhín ni òun. Akọ̀wé bi í léèrè orúkọ baba-ńlá rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì ti fọ́ọ̀mù náà padà sí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Nínú èdè Látìn ni Òyìnbó ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò sì ju "ẹni tí a bí" lọ. Inú ikùn kan náà ni "nation" ti jáde, èyí tí àwa ń pè ní orílẹ̀-èdè. Ọmọ ìyá kan ni àwọn méjèèjì. Ẹ wá wo bí amúnisìn ti pín ogún náà: ó mú "nation" fún ara rẹ̀, ó sì fi "native" lé wa lọ́wọ́!

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iyì ni ọ̀rọ̀ yìí bá wá sáyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, láyé àwọn ìjòyè tí ń fi tálákà ro oko, ọ̀rọ̀ Látìn yìí ni àwọn amòfin wọn fi ń pe ẹni tí a bí sínú ìsìnrú, tí kò lè kúrò lórí ilẹ̀ olúwa rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ìgbà ni ó yí padà. Lónìí, ọkùnrin tí a bí ní Yorkshire a máa fi ọwọ́ sọ àyà pé native Yorkshire ni òun. Kódà, ẹran inú ìkarahun kan wà tí wọ́n ń kó ní etí òkun Whitstable, tí àwọn ọlọ́lá wọn ń jẹ ní tútù. Native ni orúkọ tí wọ́n fi ń yìn ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ̀ ojú omi tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó pàwọ̀ dà. Kì í ṣe ibi tí a gbé bí ènìyàn ni ó ń tọ́ka sí mọ́, bí kò ṣe àwọ̀ ara rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún un. Wọ́n ṣe Òfin Ilé-ẹjọ́ Native ní 1914, wọ́n ṣe Òfin Aláṣẹ Native ní 1916. Nígbà tí wọ́n rí ọmọ Áfíríkà tí kì í ṣe ará Nàìjíríà, ojú kò tì wọ́n láti kọ "native foreigner" sínú ìwé òfin, ìyẹn ni pé ọmọ ìbílẹ̀ tí ó jẹ́ àjòjì. Ẹ jọ̀wọ́, irú ẹ̀dá wo nìyẹn? Ní Abẹ́òkúta, wọ́n sọ Aláké nìkan ṣoṣo di Aláṣẹ Native, wọ́n sì gbé agbára lé e lórí ju èyí tí àṣà Ẹ̀gbá fún un lọ, títí àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún fi dìde nítorí owó orí, tí Ọba Adémọ́lá Kejì sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ní Gúúsù Áfíríkà ẹ̀wẹ̀, òfin ilẹ̀ àwọn native ti ọdún 1913 há ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú mọ́ orí nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ baba wọn.

Àwọn baba wa kò dákẹ́. Àwọn kan já ọ̀rọ̀ náà gbà, wọ́n fi ṣe adé: ìjọ Native Baptist dìde ní Èkó ní 1888, United Native African sì tẹ̀ lé e ní 1891. Lẹ́nu tiwọn, "tiwa-n-tiwa" ni ó túmọ̀ sí. Àwọn mìíràn jù ú nù. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1912 pẹ̀lú "Native" nínú orúkọ rẹ̀ yọ ọ́ kúrò ní 1923, ó di ANC tí gbogbo ayé mọ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, tí Àgbádárìgì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, òfin ọdún 1952 sọ ìjọba "native" di "local", òfin ọdún 1957 sì sọ ilé-ẹjọ́ "native" di "customary". Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá kò yí tirẹ̀ padà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni a ń wí títí di òní olónìí, nítorí pé ìbílẹ̀ kò lẹ́gàn nínú. Àgbẹ̀ mélòó nínú yín ni yóò fi adìẹ ìbílẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ adìẹ agric láìgba owó lé e?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ìwọ̀-oòrùn, kọjá Sẹ̀mẹ̀. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà láàárín àwọn ènìyàn Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn. Ẹni tí ó bọ́ sí apá Àgbádárìgì di "native". Àbúrò rẹ̀ tí ó bọ́ sí apá Àjàṣẹ́ di "indigène". Ẹ má jẹ́ kí dídùn etí rẹ̀ tàn yín jẹ. Òfin kan wà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sọ lórúkọ, tí ajẹ́lẹ̀ Faransé lè fi ju ènìyàn sẹ́wọ̀n tàbí kí ó bu owó ìtanràn lé e láìgbé e dé iwájú adájọ́ kankan. Ọdún 1946 ni wọ́n tó fagi lé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi na àwọn ìbátan wa ní pàṣán lọ́hùn-ún náà ni àwa, pẹ̀lú òmìnira wa, lọ mú wọ inú òfin tiwa! Òfin ìpilẹ̀ ọdún 1979, àti ti 1999 lẹ́yìn rẹ̀, ní kí mínísítà tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ "indigene" ibẹ̀, wọn kò sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní tààrà níbì kan. Abala 15 nínú ìwé kan náà ní kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ kíkún láti gbé níbi gbogbo. Abala 42 kọ̀ kí a fi ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ka ìwọ̀nyí? Orí ọ̀rọ̀ tí a kò túmọ̀ yẹn ni wọ́n dúró lé tí wọ́n fi ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ sì fi ń gba owó tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan.

Àwa ará Àgbádárìgì ni kò yẹ kí á lọ́wọ́ sí èyí rárá. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 títí di oṣù kẹrin ọdún 2017, a lé àwọn apẹja Otodo Gbame kúrò nílé wọn ní apá Lẹ́kkí. Ògù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. A wó ilé, a sun ilé. Nínú Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà, a pe ọmọ Ògù ní ẹni tí kò nílẹ̀. Ǹjẹ́ ẹnu wo ni a ó wá fi pe ọmọ Ìlàjẹ bẹ́ẹ̀ ní etí òkun tiwa?

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò wí. Wọ́n ti wí i lójú mi ní ìpàdé wọ́ọ̀dù: pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, àlejò yóò gba ilẹ̀ mọ́ onílé lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í. Ìwé tí ọmọdé fi ń wọlé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ní 1921, nígbà tí ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, dé iwájú ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá a pé àdéhùn tí Dòsùmú tọwọ́ bọ̀ ní 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ni ó wá gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìjọba ológun wa ni ó ṣe é. Ọmọ apẹja wo ni ó bá wọn jókòó níbẹ̀?

Ilé wa ni kí á ti kọ́kọ́ gbálẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ wa fi ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wà níwájú mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ìlà kẹrin bèèrè pé, "Native of". Èmi fúnra mi ni mo kó o fún atẹ̀wé, n kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀ nígbà náà. Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ pé kí wọ́n pa ìlà náà rẹ́, kí wọ́n fi "Ibi tí o ń gbé" àti "Iye ọdún tí o ti lò níbẹ̀" rọ́pò rẹ̀. Kí alága wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìpolongo kí oṣù yìí tó parí. Ní ti ọmọbìnrin yẹn, a óò padà lọ sí ọ́fíìsì náà ní ọjọ́ Ajé, Abala 42 yóò sì wà lọ́wọ́ wa.