Ọjà Kọ́ Nìyí: Ọ̀rọ̀ Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Oasis

Láti ìgbà tí ariwo tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ olórin Oasis ti dé etí àwọn ọ̀dọ́ wa, àwíjàre kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ ìwé nínú wa, àgàgà àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì. Wọ́n ní ọjà ni. Wọ́n ní bí ènìyàn púpọ̀ bá ń wá ohun tí kò pọ̀, owó rẹ̀ yóò gòkè, àti pé ìyá tó ń ta ata ní Kétu mọ èyí láìka ìwé. Mo lòdì sí ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. N kò bá sì dákẹ́, bí kì í bá ṣe pé àwọn kan ti ń gbé e lẹ́sẹ̀ pé kí àwa náà máa ta àyè iwájú níbi ọdún ìbílẹ̀ wa fún ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oasis, ẹgbẹ́ Liam àti Noel Gallagher, ọmọ ìyá méjì láti Manchester, túká ní Parísì ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣeré níbẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn olólùfẹ́ wọn fi retí ìlàjà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn méjèèjì kéde pé àwọn yóò jọ padà sórí ìtàgé ní 2025. Tíkẹ́ẹ̀tì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀, wákàtí lórí wákàtí. Nígbà tí yóò fi kan ọ̀pọ̀ nínú wọn, àyè ìdúró tí wọ́n ti gbọ́ pé ó jẹ́ nǹkan bí pọ́n-ùn 148 ti di 355. Ní owó sẹ́fà tiwa, ìyẹn ni pé ó fò láti nǹkan bí 115.000 sí nǹkan bí 275.000. Bí ẹni tó ń gba SMIG 52.000 ní Benin bá fi owó oṣù márùn-ún lélẹ̀ láìjẹ láìmu, kò tíì tó o rà.

Ẹni tó bá pe èyí ní ọjà kò tíì bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà rí. Ní ọjà tiwa, ojú ni a fi ń wo ojú. Ìyá aláta dá iye kan, oníbàárà bù ú wálẹ̀, wọ́n jọ ń fà á títí tí yóò fi balẹ̀ síbi tí kò ni ẹnikẹ́ni lára jù. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o yà sí ìsọ̀ kejì. Bí o bá sì rà á, ó bu èènì lé e. Ta ni oníbàárà Oasis bá dúnàádúrà? Ìsọ̀ kejì wo ni ó yà sí, nígbà tí kò sí Oasis méjì láyé? Iye tó gbé e dé orí ìlà kọ́ ni iye tó bá nígbà tó dé iwájú. Bí ìyá aláta bá pe agbọ̀n kan ní ẹgbẹ̀rún kan, tó jẹ́ kí o dúró nínú oòrùn títí ọ̀sán, tó wá pè é ní ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irinwó nígbà tí o na owó sí i, ìyálọ́jà ni yóò parí ìjà náà, ẹ̀bi kò sì ní í jẹ́ tìrẹ.

Ní ti èènì, ẹ gbọ́ èyí. CMA, àjọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà, wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ Ticketmaster fi orúkọ « platinum » sórí àwọn ìjókòó kan, ó sì tà wọ́n ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àbọ̀, láìṣàlàyé tó pé kò sí àǹfààní kankan tó kún un; lọ́pọ̀ ìgbà, apá kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú àwọn yòókù. Àjọ náà tún sọ ohun tó yẹ kí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé wa fetí sí: wọn kò rí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ló ń gbé owó náà gòkè bí èrò ṣe ń pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ta àwọn tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró kan ní owó kékeré. Nígbà tí ìyẹn tán, wọ́n kó ìyókù jáde ní owó ńlá, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn tó wà lórí ìlà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọwọ́ ènìyàn ló to iye méjèèjì sílẹ̀. Ibo wá ni ọjà tí ẹ ń pè wà?

Àwọn mìíràn ní kí a má bá olórin wí. Oasis fúnra wọn ní ọwọ́ àwọn agbátẹrù àti alákòóso àwọn ni ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wà, pé àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní 2023, Robert Smith ti ẹgbẹ́ The Cure takú pé kí tíkẹ́ẹ̀tì òun má wọ́n ní Amẹ́ríkà; wọ́n ta òmíràn ní dọ́là 20. Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ rí i pé owó iṣẹ́ tí wọ́n lé e lórí ju owó tíkẹ́ẹ̀tì gan-an lọ, ó bá Ticketmaster fà á títí tí wọ́n fi dá dọ́là 10 padà fún àwọn tó ra èyí tó kéré jù, àti dọ́là 5 fún àwọn yòókù. Olórin tó bá fẹ́ mọ̀ yóò mọ̀. Kódà Oasis náà mọ̀ nígbà tó yá: oṣù kan péré lẹ́yìn ariwo yẹn, wọ́n ní àwọn kò ní í lo irú ètò owó bẹ́ẹ̀ fún eré tiwọn ní Amẹ́ríkà.

Ilẹ̀ Faransé ní òfin láti 2012: alárọ́bọ̀ tó bá sọ títún tíkẹ́ẹ̀tì tà di iṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ agbátẹrù eré yóò san ìtanràn tó lè tó 15.000 euro. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n alárọ́bọ̀ tí kò gba àṣẹ nìkan ló ń mú. Nísinsìnyí, olóhun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe alárọ́bọ̀ ohun tirẹ̀.

Wọ́n tún ní òkìkí ẹgbẹ́ náà ló gbówó lérí. Ta ló kọ́ òkìkí náà? Àwọn tó ra àwo wọn ní 1994, tí wọ́n ń kọ orin wọn fún ọmọ wọn ní gbogbo ọdún tí ẹgbẹ́ kò sí mọ́, àwọn gan-an ni wọ́n ń fi ìfẹ́ wọn gbówó lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni UNESCO kéde ní 2001 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Gbangba ọjà ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń kọrin lóru. Ẹni tí orin bá wọ̀ lára a fi owó sí i lẹ́yìn tó ti gbọ́, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Àwọn ìyá wa ni a ń ṣe é fún. Bí a bá wá ta àyè iwájú fún ẹni tó lówó jù, ẹ sọ fún mi, èwo nínú àwọn ìyá arúgbó Kétu ni yóò rí iwájú jókòó sí? Nítorí náà, mo fi àbá yìí síwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa: níbikíbi tí a bá ti gbọ́dọ̀ gba owó ìwọlé, kí ó jẹ́ iye kan ṣoṣo, kí a kọ ọ́ sára ìwé ìkéde ní Yorùbá àti ní Faransé kí ẹnikẹ́ni tó tò, kí ìlà ìjókòó àkọ́kọ́ sì wà fún àwọn àgbà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.